Kẹ́míkà oko tí NAFDAC ti fòfin dè ṣì ń tẹ̀ wá lọ́wọ́ nínú ìgò omi: kí ni ká ṣe ní Èkìtì?

Ọmọ Àkùrọ̀ (Ìkọ̀lé-Èkìtì) béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú iṣẹ́ oko. Àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni mo ń gbìn lọ́nà Ìjẹ̀ṣà-Isu, mo sì ń tọ́jú kòkó díẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí pé ohun tí mo ń gbọ́ lórí rédíò kò bá ohun tí mo ń rí lọ́jà mu rárá.

Gbogbo wa la gbọ́ pé àjọ NAFDAC ti fòfin de oògùn apakoríko tó ń jẹ́ paraquat láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024, a sì gbọ́ pé atrazine tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ ra oògùn apakoríko láìpẹ́ yìí, ohun tí ọlọ́jà gbé fún mi kò sí nínú ike tirẹ̀. Ìgò omi rírà ni, wọ́n ti bó bébà ara rẹ̀ dànù, omi kan tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàrin aró àti ewé ló kún un dé ọrùn, wọ́n sì ti fi ọ̀rá bo ẹnu ìgò náà kí wọ́n tó fi ọmọrí dé e kí ó má baà jò. Mo béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní èyí tó ń jó koríko lọ́jọ́ kan náà ni, pé kí n má da ara mi láàmú, gbogbo ènìyàn ló ń rà á. Mi ò rà á, ṣùgbọ́n ojú mi ni ẹni tó tò tẹ̀lé mi ṣe san owó tirẹ̀.

Mo fẹ́ mọ irú kẹ́míkà tí ìjọba kọ̀ gan-an àti èyí tí ó ṣì gbà láàyè, àti bí ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀wé ṣe lè dá wọn mọ̀. Mo tún ní gálọ́ọ̀nù kan tí kò tíì tán nínú ahéré, láti ìgbà tí paraquat kò tíì di èèwọ̀. Ṣé kí n lò ó tán ni, àbí kí n dà á nù, ibo ni kí n sì dà á sí? Èyí tó tún ń kọ mí lóminú ni àwọn ọ̀dọ́ tí à ń gbà láti bá wa fínko: sálúbàtà ni wọ́n ń wọ̀ lọ sóko, aṣọ tí wọ́n fi fínko náà ni wọ́n ń wọ̀ délé lọ gbé ọmọ. Ta ló yẹ kó máa mójú tó irú nǹkan báyìí ní Èkìtì wa níbí?

Agbaninímọ̀ràn Oko (Adó-Èkìtì) dáhùn:

Ẹ kú ìbéèrè, àbúrò. Iṣẹ́ kí n máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn ni mo ń ṣe, ìbéèrè yìí kan náà sì ni mo ń bá pàdé láti abúlé dé abúlé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí òfin wí, nítorí pé àwọn kan rò pé gbogbo oògùn apakoríko ni ìjọba ti kọ̀, àwọn mìíràn sì rò pé ariwo lásán ni. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ nínú méjèèjì.

Paraquat, tí ọ̀pọ̀ àgbà ṣì mọ̀ sí Gramoxone, ti di èèwọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, lẹ́yìn tí NAFDAC ti ń dín wíwọlé rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀. Chlorpyrifos, tí a ń fi pa ikán àti kòkòrò lóko, di èèwọ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2024. Atrazine, tí ẹ̀yin alágbàdo máa ń fín sílẹ̀ kí koríko tó hù, tẹ̀lé e ní ọdún 2025. Ti dichlorvos yàtọ̀ díẹ̀. Òun ló wà nínú púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀tapíápíá, ìjọba kò sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ìgò kékeré rẹ̀ ni wọ́n kọ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí ìgò mílílítà 100 kúrò ní súpámákẹ́ẹ̀tì àti ní ọjà gbangba, kí ó jẹ́ pé ìgò ńlá, láti líta kan lọ sókè, ni yóò máa wà, nínú ilé ìtajà kẹ́míkà oko tí a fọwọ́ sí nìkan. Glyphosate, tí òun náà jẹ́ oògùn apakoríko, kò sí lára àwọn tí a fòfin dè. Síbẹ̀, ẹ má ṣe fi ìyẹn fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí pé ní ọdún 2015 ni ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣe ìwádìí lórí àrùn jẹjẹrẹ kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa àrùn náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ló ṣe irú ìpinnu yìí. Àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti yọ atrazine kúrò láti ọdún 2004 nítorí pé ó ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀, wọ́n sì ti kọ paraquat láti ọdún 2007. Fún àwa tí kànga àti odò ni à ń mu, tí oko wa sì ga ju odò lọ ní ilẹ̀ olókè bíi tiwa, ọ̀rọ̀ atrazine yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò.

Ní ti bí ẹni tí kò mọ̀wé ṣe lè dá wọn mọ̀, ìlà aláwọ̀ kan wà ní ìsàlẹ̀ bébà ara ike. Bí ìlà náà bá pupa, èyí tó léwu jù ni. Òfééfèé tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni aláwọ̀ ojú ọ̀run, aláwọ̀ ewé ló sì rọ̀ jù. Àwòrán ìbọ̀wọ́, bàtà àti ìbòmú máa ń wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà NAFDAC, tí ti kẹ́míkà oko sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A5. Ṣùgbọ́n ara ike ni gbogbo àmì wọ̀nyí wà. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àgbẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá bù sínú ìgò omi fún un, ìbáà ṣe èyí tí ìjọba gbà láàyè, kí ó má rà á. Gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba ṣe, láti orí ìwádìí títí dé orí ìforúkọsílẹ̀, dópin níbi tí ọlọ́jà ti ṣí ọmọrí gálọ́ọ̀nù tó sì fi àrọ sí ẹnu ìgò.

Gálọ́ọ̀nù yín tó kù nínú ahéré ńkọ́? Ẹ má lò ó, ẹ má dà á sí àkùrọ̀, ẹ má sun ún, ẹ má sì rì í mọ́lẹ̀ nítòsí kànga. Ẹ jẹ́ kí ó wà nínú ike rẹ̀, kí ẹ dé e pa, kí ẹ tì í mọ́ ibi tí ọmọdé àti ẹran kò lè dé, kí ẹ sì fi tó ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní Adó létí tàbí òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. Ibi tí mo ti ń bá ìjọba wí nìyí: ẹni tó bá fòfin de nǹkan tó ti wà nínú ahéré àwọn ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọn yóò ṣe kó o, kó má jẹ́ pé àgbẹ̀ ni yóò máa wá ibi tí yóò gbé e lọ.

Olùtajà Oògùn Oko (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì) dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n agbaninímọ̀ràn, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí àtẹ náà sọ tẹnu rẹ̀.

Mi ò ní purọ́ pé a kì í bu kẹ́míkà tà nínú iṣẹ́ yìí. Ìdí tí a fi ń bù ú ni pé ẹni tó fẹ́ rà á kò ní owó odindi. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà ní kóńgò kò lè ra líta kan dichlorvos, kò tilẹ̀ nílò rẹ̀; àgbẹ̀ tó ní plọ́ọ̀tì méjì kò nílò gálọ́ọ̀nù. Nígbà tí ìjọba kó ìgò kékeré tó ní orúkọ, tó ní ìkìlọ̀, tó ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ kúrò lọ́jà, ìgò kékeré tí kò ní ohunkóhun lára ló rọ́pò rẹ̀. Mi ò sọ pé kí wọ́n dá ti àkọ́kọ́ padà o. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi kó o: àwọn ènìyàn ń fi gbẹ̀mí ara wọn, wọ́n sì ń fín in sínú yàrá tí ọmọdé ń sùn, nígbà tó jẹ́ pé oko ni wọ́n ṣe é fún. Ohun tí mo ń sọ ni pé òfin náà ṣe ìdajì iṣẹ́, kò sì sí ẹni tó padà wá wo ibi tí ìdajì yòókù gbà lọ.

Ohun kejì ni pé àwọn alágbàtà ńlá ti gbọ́ nípa òfin paraquat ṣáájú wa. Nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ ń súnmọ́, ṣe ni wọ́n ń ta tiwọn fún àwa kéékèèké ní ẹ̀dínwó, a sì rò pé àǹfààní ni. Ọjọ́ pé, ọjà wà lọ́wọ́ wa, gbèsè wà lọ́rùn wa. Àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò sì wá, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú títì ni wọ́n wọ̀. Ẹni tó ń tẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, tó ń ká a lọ nírọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó bi í léèrè.

Kí ẹ sì mọ̀ pé àwọn àgbẹ̀ gan-an ló ń béèrè rẹ̀. Bí mo bá ta glyphosate fún ẹlòmíràn, ní ọjọ́ kẹta yóò padà wá bá mi jà pé ayédèrú ni, nítorí pé koríko rẹ̀ ṣì dúró. Mo ń ṣàlàyé fún wọn pé paraquat ń jó ewé lójú ẹsẹ̀ ṣùgbọ́n kì í dé gbòǹgbò, pé glyphosate máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí iṣẹ́ rẹ̀ tó hàn. Àwọn kan gbọ́. Àwọn mìíràn lọ pò ó ní ìlọ́po méjì.

Nọ́ọ̀sì Abúlé (Ọ̀yẹ́-Èkìtì) dáhùn:

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ara ènìyàn, nítorí pé a ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó bá gbé kẹ́míkà mu nìkan ló ń pa lára.

Àwọ̀ ara ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé. Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí táǹkì ẹ̀yìn wọn ń jò, tí aṣọ ti lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn láti àárọ̀, tí wọ́n sì rò pé òógùn ni. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá dí, wọn á yọ ọ́, wọn á fi ẹnu fẹ́ ẹ títí yóò fi là, wọn á nu ètè, iṣẹ́ á sì tẹ̀ síwájú. Wọn á fi ọwọ́ kan náà jẹ gúgúrú. Kò sí òfin tí wọ́n ṣe ní Àbújá tó lè dé ibẹ̀ bí kò bá sí ẹni tó kọ́ wọn.

Dichlorvos àti chlorpyrifos jọ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà kan náà: wọ́n ń da iṣẹ́ iṣan ara rú. Ẹni tí wọ́n bá mú, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀, omi á máa dà lójú rẹ̀, yóò làágùn púpọ̀, inú rẹ̀ lè ṣí, ọmọ ojú rẹ̀ á kéré bí orí abẹ́rẹ́, iṣan rẹ̀ á sì máa gbọ̀n. Ilé ìwòsàn ní oògùn fún un, tí à ń pè ní atropine, bí wọ́n bá tètè gbé e dé. Paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tí ènìyàn bá gbé mì ti tó láti ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ìyà náà sì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ kí ẹ̀mí tó bọ́. Kódà afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí a sábà máa ń fún aláìsàn lè mú kí ẹ̀dọ̀fóró náà tètè bàjẹ́ sí i. Ẹ wá wò ó: ìtọ́jú tí ẹnì kan nílò lè pa ẹnì kejì lára, ìgò omi tí kò ní orúkọ sì ni wọ́n gbé tọ̀ wá wá. Àwọ̀ aró tí àbúrò wa rí yẹn pàápàá, ilé iṣẹ́ ló fi sí i, pẹ̀lú òórùn burúkú àti ohun tó ń mú ènìyàn bì, nítorí pé paraquat látilẹ̀ wá dúdú bí ọtí ẹlẹ́rìndòdò, àwọn ènìyàn sì ti ń ṣèèṣì gbé e mu. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé gbogbo èyí tí wọ́n ń bù tà ló ní i.

Bí ó bá ta sí ènìyàn lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀ kíá, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gbé e mì, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì fi ipá mú un bì. Ẹ gbé òun àti ike kẹ́míkà náà wá sí ilé ìwòsàn. Bí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tíì tó yín, ẹ rántí pé ní ọdún 2008, ọmọ méjì kú ní ìpínlẹ̀ Cross River, tí ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wọ ilé ìwòsàn, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀wà tí wọ́n fura pé oògùn apakòkòrò ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni NAFDAC fòfin de ọgbọ̀n irú ọjà kẹ́míkà oko lẹ́ẹ̀kan náà.

Bàbá Kòkó (Èmùré-Èkìtì) dáhùn:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú àkíyèsí. Mo ti wà nídìí kòkó láti ìgbà tí Gammalin 20 jẹ́ ọba lóko. Òun ni a ń fín sí kòkòrò tó ń mu omi ara kòkó, àwọn aláìláàánú sì ń dà á sódò láti fi pa ẹja, a sì ń jẹ ẹja náà. Lindane ni ohun tó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fi kún àwọn kẹ́míkà tí àdéhùn Stockholm ní kí a pa rẹ́ ní ọdún 2009. Ó ti pòórá lóko wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìbẹ̀rù ọlọ́pàá ló mú wa fi í sílẹ̀. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2008 ni àwọn ará Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo òfin tuntun lórí ìyókù kẹ́míkà tó lè wà nínú kòkó tó ń wọ ilẹ̀ wọn. Bí òfin náà ti dé etí àwọn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wa, kíá ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí a fín, kíá ni a sì fetí sí ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, n'Ìbàdàn.

Ẹ̀wà náà fi òye kan náà hàn. Ní ọdún 2015, Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos. Mílígíráàmù 0.01 nínú kílò kan ni wọ́n gbà láàyè; ohun tí wọ́n bá nínú tiwa wà láàrin 0.03 àti 4.6. Ẹ fi ọwọ́ yín ṣírò rẹ̀. Ẹ̀wà tí wọ́n kọ̀ lẹ́bùúté, ta ló jẹ ẹ́? Èyí tó ń wọ Ọjà Ọba ní Adó láti Òkè Ọya lọ́jọ́ gbogbo, ta ló ń gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò? Mo gbà pé ìjọba ń gbìyànjú lórí kẹ́míkà tó ń ti ẹ̀yìn odi wọlé, ṣùgbọ́n oúnjẹ gan-an kò sí lójú wọn. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà ní Adó, ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ Ọ̀yẹ́ sì wà ní Ìkọ̀lé. Ìjọba ìpínlẹ̀ lè ní kí wọ́n máa mú ẹ̀wà, èlùbọ́ àti ẹ̀fọ́ láti ọjà wa yẹ̀ wò, kí wọ́n sì kéde ohun tí wọ́n bá rí. Bí oníbàárà bá ti mọ̀, ọlọ́jà á yí padà, bí àwa oníkòkó ti yí padà.

Olùtajà Ìkẹ́rẹ́, ọmọ mi, o sọ òótọ́ nípa ìyá ẹlẹ́wà yẹn. Ṣùgbọ́n àpò onípele mẹ́ta ti wà tipẹ́, tí ọ̀rá nípọn méjì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀wà bá gbẹ dáadáa, tí a sì di ẹnu rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má wọlé, kòkòrò inú rẹ̀ á kú láìfín ohunkóhun. Kí ló dé tí ìwọ kò fi í sórí àtẹ?

Olùtajà Oògùn Oko (Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì) dáhùn:

Bàbá, ẹ ṣeun. Mo ti tà á rí. Ó wọ́n ju àpò lásán lọ, àwọn ènìyàn kò sì tètè gbà á gbọ́. N óò tún gbé e wá, bí ẹ bá lè rán àwọn ẹlẹ́wà Èmùré sí mi.

Ọmọ Àkùrọ̀ (Ìkọ̀lé-Èkìtì) kọ padà:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Gálọ́ọ̀nù náà ti wà nínú àpótí, mo sì ti ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn. Ìbéèrè kan ló kù, ẹ̀gbọ́n agbaninímọ̀ràn: atrazine ni mo gbẹ́kẹ̀ lé lórí àgbàdo mi, owó alágbàṣe sì ti kọjá agbára mi. Kí ni kí n wá ṣe ní àsìkò òjò yìí?

Agbaninímọ̀ràn Oko (Adó-Èkìtì) dáhùn:

Àbúrò, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ni koríko ń pa àgbàdo lára jù. Bí ẹ bá lè roko lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, kí ẹ tún un ro ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ karùn-ún, èyí tó bá hù lẹ́yìn ìyẹn kò ní fi bẹ́ẹ̀ dín ìkórè kù. Ẹ gbin ẹ̀gúsí sáàrin rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe, kí ewé rẹ̀ bo ilẹ̀. Ìyẹn nìkan lè gba ìroko kejì lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ lo kẹ́míkà tí a ń fín kí koríko tó hù, pendimethalin wà, ṣùgbọ́n inú ike rẹ̀ tí a kò tíì ṣí ni kí ẹ ti rà á, kí àgbẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta sì dáwó pọ̀ bí odindi bá pọ̀ jù fún ẹnì kan.

Ní ti àwọn ọ̀dọ́ tó ń fínko, ẹ̀yin tí ẹ gbà wọ́n síṣẹ́ ni kí ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà àti bàtà òjò, kí ẹ fi wọ́n sínú ahéré, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn láìwọ̀ wọ́n. Ẹ gbé omi àti ọṣẹ lọ sóko. Ẹ wá abẹ́rẹ́ tàbí igi tín-ín-rín tí wọn yóò máa fi la ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí ike bá ṣófo, ẹ fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ da omi ìṣanike náà padà sínú táǹkì kí ẹ fín in sí oko, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ọ̀bẹ lu ike náà níhò, kí ẹnikẹ́ni má baà fi pọn omi tàbí ra epo.